Nóòtì Mi Àtijọ́ àti Òdo Tí O Fún Ròfíà

Mowé,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Adébímpé ọmọ mi,

Màmá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó dúró sẹ́yìn àga mi báyìí, ó ń wo ohun tí mò ń kọ. Nítorí náà, mo kí ọ. Ṣé iṣẹ́ tuntun ń lọ? Ṣé ilé tí o gbà ní Ìfọ̀ kò jò mọ́? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ó dáa. Màmá rẹ ti wọlé lọ. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi, mi ò ní fi bò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti pè ọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. O gbé e lẹ́ẹ̀kan, a ò sì sọ̀rọ̀ tán tí ìlà fi gé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó kù, o tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìfọ̀ ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kan náà ló máa ń dáa nígbà tí o bá ń bi màmá rẹ léèrè bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún odindi wákàtí kan. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o ò lè gé e mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Sàdíìkù, obìnrin aránṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa láti Akute, mú ọmọbìnrin kan wá sí fàráńdà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì. Ròfíà lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Ìfọ̀ ló ti wá lo ìsinmi àárín táàmù. Ìyá Sàdíìkù kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Àtìgbà tó ti dé ló ti ń sunkún. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní sáyẹ́ǹsì torí òdo tó gbà ní kẹ́mísírì, nọ́ọ̀sì ló sì ní òun fẹ́ ṣe. Láti kékeré ló ti máa ń fi igi ìtayín gún gbogbo wa ní abẹ́rẹ́.”

Mo gba ìwé ọmọ náà, mo ṣí i. Ìdánwò kẹ́mísírì ló wà níbẹ̀, ìbéèrè méjì péré. Ẹ kọ ìtò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọtásíọ̀mù. Ròfíà kọ 1s² 2s² 2p⁶ 3s² 3p⁶ 4s¹. Ẹ kọ ti kálísíọ̀mù. Ó tún kọ gbogbo rẹ̀, ó fi 4s² parí rẹ̀. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn nọ́ńbà kéékèèké yẹn jókòó sókè níbi tó yẹ kí wọ́n jókòó sí. Ó gbà á, Bímpé. Ó gba méjèèjì. Àmọ́ ẹnì kan ti fi bíírò pupa fa igi dábùú méjèèjì, ó kọ òdo gbàgàdà sísàlẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ta ló kọ́ ọ ní èyí? Lọ wo nóòtì rẹ.”

Mo wo igi pupa yẹn. Ìrù rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ sápá òsì. Èmi ni mo di ọwọ́ ẹni tó ń fa igi báyẹn mú nígbà tó ń kọ́ ABD lórí ẹsẹ̀ mi. Mo bi ọmọ náà pé, “Kí ni wọ́n ń pe tíṣà yín?” Ó ní, “Àǹtí Bímpé ni, sà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.” Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi wá.

Ó dáa. Kí n ṣe iṣẹ́ mi bíi tíṣà ná, ká tó dé orí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ bàbá.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe kẹ́mísírì lo kà. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí lo kà ní yunifásítì, ilé-ìwé yín ò rí tíṣà kẹ́mísírì, wọ́n ní kí o bá wọn dì í mú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Jókòó ká jọ ṣe é. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́kàndínlógún ni pọtásíọ̀mù ní. Wò wọ́n bí ayálégbé tó ń kó wọ ilé alájà púpọ̀. Yàrá s ń gba èèyàn méjì, p ń gba mẹ́fà, d ń gba mẹ́wàá. Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn kọ́ ni àwọn ayálégbé yìí ń wò, yàrá tí wíwọ̀ rẹ̀ ò ní gba agbára púpọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀. 1s kún, 2s kún, 2p kún, 3s kún, 3p kún. Kà wọ́n: méjì, mẹ́rin, mẹ́wàá, méjìlá, méjìdínlógún. Ó ku ẹyọ kan. Ìwọ ní kó wọ 3d, torí pé mẹ́ta ló ṣáájú mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka ení, èjì, ẹ̀ta máa kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lára pọtásíọ̀mù, agbára tí 3d ń béèrè ju ti 4s lọ, nítorí náà 4s ni ẹni ìkẹyìn yẹn ń wọ̀. Kálísíọ̀mù ní ogún, òun náà fi méjì dí 4s. Ìgbà tó bá di sìkáńdíọ̀mù, tó ní mọ́kànlélógún, ni wọ́n tó padà wá ṣílẹ̀kùn 3d. Kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ ọ́, kì í ṣe káputéènì kíláàsì.

Káputéènì kíláàsì yẹn ni èkejì. Ní ìgbà kan ṣoṣo tí o gbé fóònù, ìyẹn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní, “Bímpé, kí lo kọ sí bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ yẹn?”

O ní, “Dádì, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o. Káputéènì ni mo fún ní nóòtì, òun ló kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù fún wọn.”

“Níbo lo wà nígbà tó ń kọ ọ́?”

“Mo wà ní sitáàfù rúùmù, mò ń màákì.”

“Nígbà tí o wá ń màákì ti Ròfíà, kí lo fi ń màákì?”

“Nóòtì yẹn náà ni.”

Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Nóòtì kúrò nínú àpò rẹ, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ọmọ gbé e sára bọ́ọ̀dù, ogójì ọmọ dà á kọ sínú ìwé, ó padà sọ́wọ́ rẹ, o wò ó bóyá ó bá nóòtì mu. Kò sí ibi kankan ní gbogbo ìrìn àjò yẹn tí ẹnikẹ́ni ti ronú. Ẹnì kan ṣoṣo tó ronú, o fún un ní òdo. Èmi náà ti fún káputéènì ní nóòtì rí, kò sí tíṣà tí kò ṣe é nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí o bá ṣe é, padà wọ kíláàsì, kí o ka ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù. Ìwé kẹ́mísírì ńlá tí mo fún ọ ńkọ́? Màmá rẹ ní nígbà tí òun wá kí ọ, abẹ́ fáànù ló wà, ó ń gbé fáànù dúró. Bímpé! Ìwé ńlá bẹ́ẹ̀! Wá bíríkì fún fáànù.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ tí o sọ tẹ̀lé ìyẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní kó o lọ sọ fún àwọn ọmọ pé o ṣì í. O ní, “Háà, Dádì! Mo ṣì wà lórí pùròbéṣàn o. Tí mo bá lọ sọ pé mo ṣe é rọ́ọ̀ǹgì, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pírínsípà á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, màá tún un kọ́ wọn ní táàmù tó ń bọ̀.”

Mo ní, “Ròfíà ńkọ́?”

O ní, “Wọ́n máa fọwọ́ sí orúkọ àwọn tó ń lọ sí kọmáṣà ní ọjọ́ Ẹtì. Kọmáṣà náà dáa, Dádì.”

Kọmáṣà dáa, mi ò jiyàn. Ó dáa fún ẹni tó bá wù. Mo ya ẹnu báyìí pé kí n kígbe mọ́ ọ, o wá fi jẹ́jẹ́ sọ ọ́ pé, “Àti pé nóòtì yín ni, Dádì. Ìwé ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé yẹn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo lò.” Lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìfọ̀ bàjẹ́.

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Màmá rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún un.

Mo mọ ojú ìwé yẹn, Bímpé. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ rẹ. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí mo kọ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí sí ilé-ìwé kan lápá Ọbáfẹ́mi, mo ní sòkòtò méjì tí mo máa ń lọ̀ kó dúró gan-an, mo sì rò pé èmi ni olórí gbogbo tíṣà. Ohun tí ìwọ rò gan-an lèmi náà rò, pé mẹ́ta ló ṣáájú mẹ́rin. Mo kọ 3d¹ sínú nóòtì, mo gbé e lọ sí kíláàsì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀, ìlà iwájú ló máa ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Sà, ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi lò ní 4s¹ ni.”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ara mi gbóná, mo ní kí Mosúnmọ́lá jáde, kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kó gbé ọwọ́ tó fẹ́ràn láti máa nà yẹn sókè títí aago á fi lù. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, kíláàsì sì tún rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìdánwò dé, ó kọ 4s¹, mo fún un ní òdo. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo tó yẹ ìwé wò. Ó gbà á. Mo pa ìwé dé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí táàmù náà tó parí, Mosúnmọ́lá ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn oníkọmáṣà. Wọ́n ní ó ní kẹ́mísírì ò wu òun mọ́. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láti ọdún kejì, nígbàkigbà tí mo bá dé ojú ìwé yẹn, èyí tó tọ̀nà ni mò ń fi ẹnu sọ, òun ni mo sì ń kọ sí bọ́ọ̀dù. Mo kọ́ àwọn ọmọ kan lẹ́yìn wọn tí wọ́n ti di dókítà báyìí. Àmọ́ nóòtì náà, mi ò fọwọ́ kàn án. Tí mo bá fi lè fa igi lé 3d¹ yẹn, á jẹ́ pé mo ti gbà pé mo ṣì í, pé mo fi ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn lásán. Igi kékeré kan ṣoṣo. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mi ò fà á. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo kó ìwé náà sínú wọ́dúróòbù. Nígbà tí ìwọ ríṣẹ́, o ní o fẹ́ lo nóòtì mi, inú mi dùn débi pé mo fi aṣọ nu eruku rẹ̀, mo gbàdúrà lé e lórí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ. Mi ò ṣí i wò. Bàbá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ojú tì mí, Bímpé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nítorí náà mo ti pín ìbínú mi sí méjì, ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi. Má rò pé ìyẹn ti dín tìrẹ kù. Nóòtì yẹn, tèmi ni. O lè sọ fún gbogbo kíláàsì pé bàbá rẹ ló kọ ọ́, kí o dárúkọ mi, mo gbà. Àmọ́ òdo yẹn, ìwọ lo kọ ọ́. Ọmọ kọ nǹkan tó yàtọ̀ sí tìrẹ, o ò bi í ní ibi tó ti rí i, ìbéèrè tí o kọ síbẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè, ìhalẹ̀ ni. Tí ọmọ bá ti kọ nǹkan tó yàtọ̀, gbé ìwé ńlá kúrò lábẹ́ fáànù ná, kí o tó gbé bíírò pupa.

Ẹ̀karùn-ún. Àbí ẹ̀kẹrin ni? Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, o ti kó mi lọ́kàn sókè. O ní wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dá nǹkan kọ, torí wọ́n á ti mọ̀ pé ibi tí tíṣà bá ti ṣì í, wọ́n lè sọ ọ́. Ní ti pírínsípà, èmi ò lè ṣèlérí fún ọ pé kò ní bá ọ wí. Ó lè bá ọ wí. Ó tiẹ̀ lè fi kún oṣù tí wọ́n fi ń dán ọ wò. Lọ bá a kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Tí wọ́n bá sì torí ìyẹn lé ọ, ilé wà ní Mowé, yàrá rẹ ṣì wà bó ṣe wà. Mo fẹ́ kí o padà wálé láìníṣẹ́ ju pé kí o wà lẹ́nu iṣẹ́ bí èmi ṣe wà lẹ́nu tèmi.

Ohun kan ló kù. Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí Ìbàfò. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé Mosúnmọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ó ń ta èlò tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Màmá rẹ máa ń bi mí ìdí tí mo fi máa ń sọdá sí òdìkejì títì tá a bá débẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ibẹ̀ ni òjìji wà.

Oníbàárà kan ló ń dá lóhùn nígbà tí mo dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sọ fún un pé, “Eléyìí, sódíọ̀mù ló wà nínú ẹ̀, ọṣẹ ẹ á le. Eléyìí, pọtásíọ̀mù ni, ọṣẹ ẹ á rọ̀, inú ike lẹ máa dà á sí. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ o.” Èèyàn ò lè kọ́ ọ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Háà, sà! Ẹ káàárọ̀, sà!”

Mo ní kó dìde. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé láti ilé, torí mo mọ̀ pé ẹnu mi ò ní gbé e. Mo fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìtò pọtásíọ̀mù láti 1s² títí dé 4s¹, lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé: Mosúnmọ́lá, o gbà á. Èmi ni mo ṣì í. Mo mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò sọ fún ọ. Jọ̀ọ́, má bínú.

Ó kà á. Ó tún un kà. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, tàbí kó ní kò sí nǹkan kan bí àwọn èèyàn ṣe máa ń wí. Ó ní, “Mo mọ̀ pé mo gbà á, sà. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an, mo mọ̀. Ohun tó ṣe mí ni pé mo wá ń rò ó pé gbígbà tí mo gbà á ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Látìgbà yẹn, tí mo bá tiẹ̀ mọ nǹkan, mi ò kí ń nawọ́ mọ́. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ní ilé ọkọ, mi ò kí ń nawọ́.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ Ròfíà fún un. Mo sọ tìrẹ náà fún un, mi ò fi ọ́ pamọ́. Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ inú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan péré: “Ṣé ọmọ yẹn ṣì ń nawọ́, sà?”

Mo rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kó tó di pé wọ́n jáde lẹ́sìnnì, mo bi gbogbo àwọn ọmọ fàráńdà ní ìtò sódíọ̀mù. Ọwọ́ pọ̀ lókè, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gan-an ló pọ̀ jù nínú wọn. Ròfíà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo dúró síwájú Mosúnmọ́lá bí ẹni tí wọ́n fún ní òdo.

Ròfíà fúnra rẹ̀ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní ọ̀la, tí ìsinmi wọn bá parí. Mo ti sọ fún un pé ọmọ mi ni ọ́. Ó wò mí, ó tún kúnlẹ̀ kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Má jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún ọ pẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ò jìnnà. Tí o bá ti ka ibí yìí tán, pè é padà kó tó jìnnà, mo ti ní kó mú ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ dání.

Mo fi bíírò pupa kan sínú àpòòwé yìí pẹ̀lú. Ìwé Ròfíà ni kó o kọ́kọ́ fi tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ṣí nóòtì ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé yẹn, kí o bá mi fa igi tí mi ò fà.

Mo ti dán bíírò náà wò. Ó ń kọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.